Ẹní Iwájú Ilé Málàm Sanda

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Mo pa àwàdà kan fún obìnrin tó ń ta tòmátì lódìkejì ọ̀nà lónìí, ó sì fún mi ní tòmátì méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ebi ló ń pa mí.

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú mi á bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó la ẹnu làwọn èèyàn ti ń di ikùn mú. Ojú yẹn náà ni mo gbé wá sí Arkilla ní Sókótó yìí. Níbí, ojú ẹni tí kò tíì jẹun ni.

Ẹwà ọmọ ọmọ mi dé láti yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí òun àti oníkẹ̀kẹ́ ti ń fi Haúsá rẹ́rìn-ín bíi pé ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Ọdún kan péré ni ọmọ yìí tíì lò ní Sókótó! Mo bi í pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá àgbà, tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, kò ní dùn mọ́."

Èmi Gbádéyan ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún.

Ajé, 10

Wọ́n ní ooru ò tíì dé. Kí ni wọ́n wá ń pe èyí tó ń yan mí lórí bẹ́ẹ̀dì?

Níwájú ilé Málàm Sanda, ọkọ obìnrin onítòmátì yẹn, wọ́n máa ń tẹ́ ẹní ńlá kan sábẹ́ igi dóńgóyárò nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin á jókòó, wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Majalisa ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí Ṣèyí ọmọ mi ti gbé mi wá síbí ni mo ti ń lọ jókòó létí ẹní yẹn. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á bu tíì fún mi, wọ́n á wá kọjú sí ara wọn. Bí àga ni mo ṣe wà níbẹ̀. Àga gan-an sàn, wọ́n ń rí i lò.

Lónìí, bàbá kan dé láti àdúgbò Kofar Rini pẹ̀lú fìlà gíga kan. Kò tíì bọ́ bàtà rẹ̀ tán tí gbogbo ẹní ti ń mì fún ẹ̀rín. Ẹnìkan ń nu omi ojú. Málàm Sanda tí mi ò rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé, eyín rẹ̀ jáde, ó funfun pàápàá. Bàbá náà wá yíjú sí mi, ó fọ Yorùbá:

"Ẹ kú ìjókòó o, ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àbí mo parọ́? Ilà ojú yín ti kí mi kí ẹ tó kí mi."

Ọmọ Ìlọrin ni. Abdulrasaq ló ń jẹ́. Fìlà ló ń rán, ó sì ti tó ogójì ọdún tó ti wà ní Sókótó.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ọjọ́rú, 12

Ṣèyí ní, "Bàbá, tí ìlú yìí ò bá bá yín lára mu, ẹ jẹ́ ká ṣe Àjíǹde tán, màá gbé yín padà sílé."

Ilé wo? Ilé tí ìyá rẹ̀ ò sí mọ́, tó jẹ́ èmi àti ògiri la kù? Mo ti pa ògiri yẹn lẹ́rìn-ín títí ó fi sú mi. Mo ní màá rò ó.

Ohun tí mo rò nìyí: tí mo bá lè pa ẹní yẹn lẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ọmọ Ìlọrin yẹn ṣe ń pa á, mi ò lọ síbì kankan. Tí Àjíǹde bá dé tí mi ò tíì rí i ṣe, kí Ṣèyí di ẹrù mi. Tí mi ò bá ti lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́, wọn ò kàn tíì sin mí ni.

Àbámẹ́ta, 15

Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́.

Tíṣà kan tó ń jẹ́ Nana ló ń kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti ọ̀dọ̀ wa ní Haúsá, nínú kíláàsì ilé ìwé àwọn ọmọdé kan nítòsí Kofar Rini. Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ni. Ẹwà ló bá mi gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò mọ̀ pé màá lọ.

Ẹni tó kan bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi mí jókòó lé, Ọlọ́run á bi í. Mo fi gbogbo ayé mi ṣe káfíńtà, mi ò kan irú ẹ̀ fún ewúrẹ́ rí. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Pamílẹ́rìn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yín lẹ wá mú lọ sílé ni?"

Mo ní, "Ipò kìíní ni mo wá mú lọ sílé."

Nana ò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ kan. Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo wá sọ fún un pé eyín mi kan ti lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà sá jáde. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ṣùgbọ́n Pamílẹ́rìn ló fi òyìnbó bá mi sọ ọ́. Kò kà.

Ọjọ́rú, 19

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà nínú ilé yìí báyìí, iná kan ló sì wà. NEPA mú tiwọn lọ láti àná, iná oníbátìrì kan la jọ ń jà lé lórí. Mo ní àgbà ni mí. Ẹwà ní òun ní ìdánwò. Mo ní èmi náà ní ìdánwò. Ó wojú mi, ó gbé iná sáàárín tábìlì.

Bó ṣe ń gbé ilé ayé rẹ̀ nínú ìlú yìí ń ya mí lẹ́nu. Láàárọ̀, á fi ìbòrí wé orí, á fà á bo ìmú nítorí eruku. Ó mọ oníkẹ̀kẹ́ tí kì í gbowó gọbọi. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ yunifásítì ti ń dúró àti igi tó ní òjìji jù níbẹ̀. Ó mọ àkókò tí kànga tó wà lẹ́yìn ilé ń sun omi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìkankan nínú wọn. Ìlú yìí ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ń sanwó fún Nana.

Àbámẹ́ta, 22

A ṣe ìdánwò. Mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Pamílẹ́rìn gba mẹ́sàn-án.

Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Nana pé ó ń wo iṣẹ́ mi. Nana ní, "Bàbá, ká ní ó wo iṣẹ́ yín ni, kò ní gba mẹ́sàn-án."

Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ mi ju èmi fúnra mi lọ. Mo jowú òun náà.

Ìṣẹ́gun, 25

Ẹwà gbàgbé káàdì rẹ̀ sílé, èyí tí wọ́n fi ń wọlé ìdánwò. Mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ ní yunifásítì. Ọ̀nà jìn, oòrùn ń yọ́ ọ̀dà títì. Mo rí i lábẹ́ igi láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Haúsá, ọmọ Yorùbá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ti jókòó sílẹ̀. Ẹwà ń fọwọ́ di ìdí mú, ó tẹ̀ bí arúgbó, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ Haúsá kan pè, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí eyín tí kò sí.

Èmi ni! Àwàdà mi ni ọmọ yìí ń tà kiri fún gbogbo yunifásítì, mi ò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Mo na káàdì sí i. Ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Mo ní, "Èyí tó o ṣe yẹn, ìdí mi kì í yọ jáde tó bẹ́ẹ̀." Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí èmi fúnra mi ò lè ṣe é?

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Ooru náà wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Owó yìnyín ti lọ sókè ní ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan.

Wọ́n ń tẹ́ ẹní báyìí kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á jọ ṣínu. Abdulrasaq wá láti Kofar Rini, ó bá wọn jókòó, ó bá wọn jẹ dàbínù, ó bá wọn kírun. Àní ààwẹ̀ pàápàá, ó ti fi gba iwájú mi.

Èmi onígbàgbọ́ náà gbìyànjú láti gbààwẹ̀ nítorí owú. Mo gbà á títí di agogo mọ́kànlá.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo gbọ́ àwàdà kan! Mo gbọ́ ọ tán pátápátá, láìsí ògbufọ̀!

Málàm Sanda ní ọmọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Indo, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Indo kọjá, bàbá náà pè é: "Matata!" "Ìyàwó mi" ló túmọ̀ sí, Nana ti kọ́ wa. Indo fa ẹnu gùn, ó ní òun ò fẹ́ ọkọ tí kò ra aṣọ ọdún fún òun. Gbogbo ẹní rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, lákòókò kan náà pẹ̀lú wọn.

Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Kò yàtọ̀ sí tiwa! Nílé, gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ agbo ilé wa, ìyàwó mi ni, àgbà wọn, èwe wọn. Tí mo bá kọjá láìpe ẹnìkan ní ìyàwó mi, á béèrè ohun tó fi ṣẹ̀ mí. Kí ni mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí?

Ẹtì, 7

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Àbámẹ́ta, 8

Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣínu. Ẹní kún, ebi ń pa gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ti dákẹ́. Larai, ìyàwó Málàm Sanda, ń palẹ̀ àtẹ tòmátì rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé àkókò mi rèé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ́ gbólóhùn náà sórí. Mo gbé ohùn sókè, mo ní:

"Matata, ina abincina?"

Ìyàwó mi, oúnjẹ mi dà?

Mo dúró de ẹ̀rín. Larai fa aṣọ bo ojú, ó fi àtẹ sílẹ̀, ó wọlé. Tòmátì kan yí bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un. Ọkùnrin kan lórí ẹní ní "Haba!" Málàm Sanda kàn ń wo ilẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ó sàn.

Ẹwà gbọ́ kí n tó délé. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá àgbà, níbí, èèyàn kì í dárúkọ ìyàwó oníyàwó pàápàá. Wọ́n máa ń béèrè ará ilé ni. Indo, ọmọ ọmọ ni, bàbá rẹ̀ àgbà ló lè bá a ṣe irú eré yẹn. Ìyàwó Málàm Sanda, àgbàlagbà obìnrin, níwájú ọkọ rẹ̀, nínú ààwẹ̀!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo fi gbogbo ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ládùúgbò yìí. Ẹ̀yin ni wọ́n á fi máa pè mí báyìí."

Mo gbé iná oníbátìrì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wọ yàrá lọ.

Ajé, 10

Àtẹ Larai ò jáde. Indo rí mi, ó sá wọlé. Oníkẹ̀kẹ́ Ẹwà ò dá a lóhùn ju bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ṣèyí ní ẹnìkan ṣoṣo ló lè bá wa dá sí i, ọmọ Ìlọrin yẹn. Mo ní màá kúkú di ẹrù mi lónìí olónìí. Ó ní, "Kí Ẹwà wá máa bá yín jẹ́ orúkọ yín níbí?"

Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abdulrasaq ní Kofar Rini. Mo pa kíláàsì jẹ láti lọ síbẹ̀. Fìlà kún ibẹ̀ dé àjà. Ó wò mí láti orí ẹ̀rọ.

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́! Ṣé fìlà lẹ fẹ́ rà, àbí ẹ wá wo bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Mo ti ṣẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Oníkẹ̀kẹ́ kan tí mi ò mọ̀ rí ló sọ fún mi. Ó ní bàbá Yorùbá kan fẹ́ gba ìyàwó Málàm Sanda." Ó rẹ́rìn-ín títí tí òwú fi já lójú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ẹ dìde, ká máa lọ."

Ẹnu ọ̀nà ilé Málàm Sanda ni mo lóṣòó sí. Mo ní, "Ka yafe mini." Nana ló kọ́ mi: dárí jì mí. Mo sọ ọ́ láìfi àwàdà kankan sí i, ó sì wúwo lẹ́nu mi. Abdulrasaq wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ Ìlọrin, mo ń gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń gbọ́ "bawana, bawana". Málàm Sanda wò mí, ó wo Abdulrasaq, ó mi orí. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ó sì padà jáde pẹ̀lú ife tíì kan fún mi láti mu tí wọ́n bá ṣínu.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ní, "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Ará Góbìr àti ará Kàtsínà máa ń bú ara wọn níbí, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Eré ni, láti ayé bàbá wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní bawana ni ọ́, ẹrú mi, pé o ò ní ẹ̀kọ́ ilé, kí wọ́n dárí jì mí, èmi ni mi ò tíì kọ́ ọ."

"Ẹrú ta?"

"Ṣé o fẹ́ mu tíì yẹn àbí o ò fẹ́?"

Bó ṣe di pé ó ń pè mí ní "ìwọ" nìyẹn. Ó tún ní, "Láti òní lọ, èmi nìkan lo lè bú lórí ẹní yẹn. Tó o bá tún fọwọ́ kan ẹlòmíràn, má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Àbámẹ́ta, 15

Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí. "Ẹrú mi dà? Ẹ ti fún un lóúnjẹ?" Ẹní á bú sẹ́rìn-ín. Àtẹ Larai ti jáde padà, Indo ti ń kí mi. Ó yẹ kí n dúpẹ́.

Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: wọ́n ń rẹ́rìn-ín nítorí mi, òun ló sì ni ẹ̀rín náà! Ó gba ìtìjú mi, ó fi rán fìlà dé orí. Mo ní àṣẹ láti dá a lóhùn, ẹnu ni mi ò ní. Òógùn ń bọ́ lára mi lórí ẹní bí ẹni tí wọ́n dà lómi, kì í sì í ṣe ooru nìkan.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo sọ fún Nana pé èsì kan ni mo fẹ́ kọ́, kí ó fi ti ìwé sílẹ̀ ná. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ wí. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Bàbá, èyí ò sí nínú ìwé kankan," ó sì kọ ọ́ sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì ló bá mi kà á. Pamílẹ́rìn bẹ̀ mí pé kí n fún òun. Mo kọ̀. Kó lọ wá ọmọ Ìlọrin tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ẹwà gbọ́ mi níbi tí mo ti ń kọ́ èsì mi sórí nílé ìwẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá àgbà, ẹ ń sáré. Tẹ́ ẹ bá sọ gbólóhùn kìíní, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe àwàdà?"

"Ní Yorùbá kọ́."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣe Abdulrasaq, èmi ṣe èmi. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe Abdulrasaq jù. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 30

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi, Ṣèyí àti Ẹwà ti gba ilé Málàm Sanda lọ kí wọn. Ẹran wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹní kún dé etí. Ẹwà wọlé lọ bá àwọn obìnrin. Abdulrasaq wọ aṣọ funfun, fìlà rẹ̀ tòní ga ju gbogbo tàtẹ̀yìnwá lọ.

"Ẹrú mi dé! Ẹ ṣí ààyè fún ẹrú mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá nawọ́ sí i, mo ní lédè wọn:

"Bawana ne. Ya gudu."

Ẹrú mi ni. Ó sá lọ ni.

Mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu gbogbo wọn. Mo rí ojú Abdulrasaq, ó ń wá ibi tí mò ń lọ. Mo wá sọ ìyókù ní mẹ̀lọ́mẹ̀lọ́: pé ogójì ọdún ni mo fi wá a kiri, pé mo gbọ́ pé Sókótó ló fara pa mọ́ sí, abẹ́ fìlà gíga. Mo yíjú sí Málàm Sanda, mo tẹrí ba, mo ní, "Na gode da kuka ciyar da shi." Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi bọ́ ọ.

Ẹní yẹn dojú dé! Ọkùnrin kan na ẹsẹ̀ tàn, ó ń lu ilẹ̀. "Kai! Kai!" Eyín Málàm Sanda jáde pátá, èmi ni mo mú un jáde. Abdulrasaq ń fa fìlà rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń payín keke.

Láàárín ariwo náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín mìíràn. Láti inú ilé ló ti wá, lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rín obìnrin àgbà kan. Ẹwà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Larai ni. Ó ní ó di ara mọ́ ìkòkò kó má baà ṣubú.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Mo gba méje nínú mẹ́wàá. Pamílẹ́rìn gba mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kù sí mi lọ́wọ́.

Àìkú, 20

Àjíǹde. Ooru yìí ò ṣeé fẹnu sọ, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ mi lára. Ṣèyí bi mí lórí oúnjẹ pé kí ni mo wí nípa ilé.

Mo ní, "Ta ló fẹ́ máa ṣọ́ ẹrú mi?"

Ẹwà rẹ́rìn-ín sínú ìrẹsì rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ra iná oníbátìrì kejì.

Ọjọ́rú, 23

Abdulrasaq tètè dé orí ẹní lónìí, ó jókòó tì mí. Ó ní ta ló ń kọ́ mi. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Kofar Rini, pé oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù òun lánàá, ó bi òun pé ìgbà wo ni òun máa padà sóko ọ̀gá òun. Mo ní pẹ̀lẹ́.

Ibi tá a wà yẹn ni Indo ti gbé tòmátì méjì wá fún mi, ó ní ìyá òun àgbà ló ní kí òun gbé e wá. Abdulrasaq wo tòmátì. Ó wò mí. Ó ní, "Láti ogójì ọdún tí mo ti ń jókòó lórí ẹní yìí, wọn ò fún mi ní ata rí."

Ó ń jowú! Ọmọ Ìlọrin ń jowú mi!

Mo nu ọ̀kan mọ́ aṣọ, mo gé e jẹ lójú rẹ̀. Ó dùn. Larai ń wò wá láti ìdí àtẹ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ pé ebi ò pa mí.